Aṣọ Tí Mo Sá Lọ́jọ́ Ìsinmi

Èmi ni mo fà á. Kí ẹnikẹ́ni tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi: àgbàyà ni mí, ẹnu mi sì fẹ̀ ju ìdí mi lọ, bẹ́ẹ̀ àga kan kì í gba ìdí mi yìí tán.

Ìyàwó ọmọ mi jókòó sílẹ̀ nínú yàrá, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń yọ aṣọ ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò nínú báàgì tó yẹ kó gbé lọ sí ọsibítù.

"Mi ò lọ mọ́, Ìyá. Bí mo bá máa kú, ilé ni kí n kú sí."

Iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ku ọ̀la, ṣùgbọ́n ìrọbí ti mú un láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọmọ náà dábùú. Dókítà sì ti kìlọ̀ pé bí ìrora bá fi lè bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò nílé. Ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ti jáde lọ dúró ti mọ́tò, ó ń sunkún.

Ohun tó ń ba ìyàwó lẹ́rù, ẹnu mi ló ti jáde. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Pásítọ̀ kì í gbà kí ẹnì kan fọ èdè àjèjì kó kàn jókòó; ó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ tó máa yé gbogbo ìjọ. Èmi sì ni olùtumọ̀. Èmi ni mo túmọ̀ lọ́dún tó kọjá pé ìyàwó wa yìí máa bímọ, lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ tó ti ń wojú Olúwa. Ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, ó ká a sínú Bíbélì rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti lóyún. Láti ìgbà náà, bí mo bá tiẹ̀ húkọ́ lásán, ìjọ á ní "Àmín!"

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìyàwó kápẹ́ńtà fọ èdè, ó pẹ́ lórí ẹ̀. Bó ṣe jókòó, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Nǹkan kan ò wá. Òjò ló ń ṣú lójú fèrèsé, mo sì sá aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun sórí okùn nílé. Kí n wá sọ pé mi ò gbọ́ nǹkan kan? Èmi Ìyá Olùtumọ̀! Ni mo bá lanu gbàgà: "Mo rí aṣọ funfun!" Ìjọ hó: "Jésù!" Ariwo yẹn máa ń pa mí bí ọtí. "Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà! Ẹni tó yẹ kó sùn síbẹ̀, mi ò rí i mọ́!"

Mi ò rántí ẹni tó jókòó lórí àga kẹta pẹ̀lú ikùn gbẹ̀ǹdù.

Mo kúnlẹ̀ tì í, orúnkún mi ké kà. "Ìyàwó mi, mo ti tún gbàdúrà sí i. Aṣọ funfun yẹn, aṣọ tí ọmọ máa fi bora ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ ò rí ẹni orí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹ má parọ́ torí kí n lè lọ, Ìyá."

Ìrora gbé e. Ó ki fìlà ọmọ bọnu, ó gé e jẹ. Ikùn rẹ̀ le, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù bà mí débi pé díẹ̀ ló kù kí n tọ̀ sára.

"Gbọ́ mi," mo ní. "Ọlọ́run ò bá mi sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ tí mo sá ni mo ń rò, pé òjò máa pa á. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi ni mo fi ríran fún ìjọ."

"Ẹ búra."

"Ọlọ́run tó mọ̀ pé mo purọ́ ń gbọ́ mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá dìde níwájú gbogbo wọn, màá sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ yìí. Kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi sú wọn. Ṣáà dìde!"

Ó mú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan nílẹ̀, ó sọ ọ́ padà sínú báàgì. Ó mú èkejì. Mo figbe pe ọmọ mi.

Nínú mọ́tò, ẹ̀yìn ni mo jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀nà jìn lójú mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ṣí Bíbélì lórí itan, ó yọ ìwé pélébé yẹn, ó ń wò ó.

"Ìyá," ó ní, kò wojú mi. "Lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ní màá bímọ. Ṣé ẹ sá aṣọ sílé lọ́jọ́ yẹn náà?"