Ìlú Tí Télọ̀ Fi Téèpù Wọ̀n

Kò sí ohun tí télọ̀ yìí kì í wọ̀n. Ó máa ń wọn àga kó tó jókòó lé e. Ó wọn ológbò ilé ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ìrù ẹ̀ fi ínṣì kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ọpẹ́lọpẹ́ ojú fèrèsé tí ológbò náà bá sá lọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ pàápàá, níwájú gbogbo èrò, ó yọ téèpù lápò, ó wọn ìyàwó láti orí dé gìgísẹ̀, ó ní kí wọ́n má baà pààrọ̀ ẹ̀ mọ́ òun lọ́wọ́ ni. Ọgbọ̀n ọdún rèé, wọn ò tíì pààrọ̀ ẹ̀, ìbàdí nìkan ló fẹ̀ sí i.

Abẹ́rẹ́ ló ń pe ìyàwó náà. Ó ní ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mú, ọjọ́ tí òun bá sọ ọ́ nù, gbogbo ayé ló máa rìnhòòhò. Ìyàwó ò tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì mú.

Kàlẹ́ńdà kan ló so wọ́n pọ̀. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló wà nígbà náà, òun náà ló sì wà níbẹ̀ títí dòní. Àwòrán ìlú kan létí Òkun Mẹditaréníà ló wà lórí ẹ̀: àwọn ilé funfun tò gun òkè bí eyín, òkun sì wà nísàlẹ̀, ó dúdú mìnìjọ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n pa á láró. Abẹ́rẹ́, tó ṣì jẹ́ ọmọge nígbà náà, wá rán síkẹ́ẹ̀tì, ó kọjú sí kàlẹ́ńdà, kò tilẹ̀ wo télọ̀. Télọ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kò mọ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, télọ̀ ní, “Má wulẹ̀ fojú jẹ ẹ́ tán. Màá mú ẹ débẹ̀.”

Ọdún orí kàlẹ́ńdà yẹn ti kú, ó ti jẹrà. Ìlérí ò kú. Nígbà tó wá yá, ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú fáwọn méjèèjì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko nílùú inú kàlẹ́ńdà. Ó tún mú máàpù ìlú náà wá. Nígbà tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí télọ̀ fi ń gé aṣọ, ìdajì ìlú rọ̀ sílẹ̀, ológbò sì gorí èbúté, ó sùn.

Télọ̀ gbé ṣọ́ọ̀kì àti téèpù. Bó ṣe máa ń to pátánì sórí aṣọ kí èérún kan má baà ṣòfò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe to ibi mẹ́tàlélógún sínú ọjọ́ mẹ́ta.

“Ọjọ́ kìíní,” ó ní, “aago mẹ́jọ, a ti sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́jọ ààbọ̀, ilé ìjọsìn àtijọ́. Mẹ́sàn-án, ọjà ẹja. Mẹ́sàn-án ààbọ̀, odi orí òkè. Mẹ́wàá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, a ò ní pẹ́ níbẹ̀, nǹkan tó ti dúró látọjọ́ yìí ò ní sá lọ.”

“Bàbá, ìgbà wo lẹ máa jẹun?” ni ọmọ bi í.

“A ó máa jẹ ẹ́ lọ́nà.”

“Ìgbà wo lẹ máa tọ̀?”

Télọ̀ wo máàpù títí. “Ọjọ́ kejì,” ló fi dáhùn.

Abẹ́rẹ́ dúró, ó fọwọ́ ti máṣíìnì. “Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ni kẹ́ ẹ ṣe, Ọ̀gá Télọ̀. Ká ṣáà lọ.”

Ẹ má rò pé ojúkòkòrò lásán ló ń da télọ̀ láàmú o. Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tí kò sọ fẹ́nì kankan. Láti oṣù mẹ́fà, gbogbo síkẹ́ẹ̀tì tó bá rán fún Abẹ́rẹ́, etí ọ̀tún ẹ̀ ló ń wálẹ̀. Lórí tábìlì, ó gún régé. Tó bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀tún á wọ́lẹ̀ ní ìdajì ínṣì. Télọ̀ á bọ́ ọ lára ẹ̀, á tú u, á tún un rán, pàbó. Ó wá gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé ojú òun ló ń kú lọ. Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ kó gbogbo ìlú náà sójú lẹ́ẹ̀kan kí ojú náà tó kú tán.

Ọmọ fìka sórí máàpù. “Bàbá, odi yìí, ṣóńṣó òkè ló wà. Igba àtẹ̀gùn ni wọ́n máa ń gùn débẹ̀.”

“Ínṣì mẹ́rin ni. Mo wọ̀n ọ́n.”

“Máàpù tẹ́jú, kò nídìí, Bàbá. Ìlú nídìí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún télọ̀ dé egungun. Òun tó ti ń bá ìdí jà láti ọgbọ̀n ọdún, òun ló wá gbàgbé pé aṣọ orí tábìlì kọ́ laṣọ ara èèyàn. Ó fi téèpù kọ́ ọrùn. “Ó ti yé mi,” ó ní. “Aṣọ téèyàn ò bá tíì wọ̀ wò kò tíì daṣọ. Lọ́la, èmi àti Abẹ́rẹ́ máa wọ ìrìn àjò yìí wò.”

Ilé alájà mẹ́jọ kan wà lópin àdúgbò, àwọn ọ́fíìsì ló kún inú ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti fi dánra wò bí wọ́n á ṣe gun odi. Télọ̀ ṣíwájú pẹ̀lú báàgì léjìká. Nígbà tó fi máa dé àjà kẹta, àyà ẹ̀ ń lù kìkì débi pé akọ̀wé kan tó wà nínú ọ́fíìsì dáhùn pé, “Wọlé.” Ó wẹ̀yìn, kò rí Abẹ́rẹ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ wà lórí àjà kìíní, ó di irin àtẹ̀gùn mú bí ẹni pé irin náà fẹ́ sá lọ.

“Kí lò ń ṣe níbí?”

“Mò ń wo ìlú ni.”

“Ògiri lo kọjú sí.”

“Ògiri tó dáa ni.”

Télọ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn kó lè mí. Ojú ẹ̀ wá ṣe déédéé etí síkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀tún ti tún wálẹ̀. Ó ṣẹ́jú, ó tún wò ó. Ó dìde, ó na apá. “Fara tì mí. Gbé gbogbo ara lé mi.” Abẹ́rẹ́ fara tì í, télọ̀ sì bojú wolẹ̀: etí síkẹ́ẹ̀tì tẹ́jú bí omi inú abọ́.

“Látìgbà wo?”

“Látìgbà wo ni kí ni?”

“Orúnkún ọ̀tún.”

“Oṣù mẹ́fà.”

“O wá jẹ́ kí n máa rò pé ojú mi ti ń fọ́. Síkẹ́ẹ̀tì méje ni mo tú.”

“Mo rò pé ẹ kàn fẹ́ràn àtimáa bọ́ ọ lára mi ni.”

Télọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò yọ. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Tí mo bá sọ, ẹ máa ní ká dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wo kàlẹ́ńdà yẹn, ọkọ mi. Bó bá gbà kí n fìdí wọ́ débẹ̀, màá wọ́.”

Òótọ́ ni, torí pé ‘ọdún tó ń bọ̀’ ti wà lẹ́nu télọ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tóbi, ó há a lọ́fun, ṣùgbọ́n ó lọ.

“Nínú ibi mẹ́tàlélógún yẹn, èwo ló wù ẹ́ jù?”

“Kò sí ìkankan níbẹ̀. Bẹ́ńṣì yẹn ni.”

“Bẹ́ńṣì wo?”

“Èyí tó wà nísàlẹ̀ kàlẹ́ńdà, létí omi. Àwọn méjì tó jókòó síbẹ̀ ni mò ń wò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀n mí. Mò ń rò ó pé kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ.”

Bí wọ́n ṣe padà dé ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ ò bọ́ bàtà tó fi lọ síwájú kàlẹ́ńdà. Lóòótọ́, bẹ́ńṣì wà níbẹ̀, àti èèyàn méjì tí wọ́n kọ̀yìn síni, wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ. Òun tó wọn ìrù ológbò, ọgbọ̀n ọdún, kò rí wọn. Ó mú àkísà, ó rẹ ẹ́ sómi, ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lórí máàpù. Odi lọ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ. Ọjà ẹja gbé ẹja ẹ̀ lọ. Ó wá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì kan péré fún bẹ́ńṣì náà, létí omi, lábẹ́ ológbò.

Ọmọ wọn yẹ orúnkún wò, ó ní kò burú débi kí wọ́n má lọ, ó fi báńdéèjì dì í, ó sì ní wọ́n á rí dókítà tí wọ́n bá dé. Télọ̀ rán síkẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó fi ìdajì ínṣì gé ọ̀tún kúrú ju òsì lọ. Lórí tábìlì, iṣẹ́ ọ̀mùtí ni. Lára Abẹ́rẹ́, ó gún bí ìlà ìwé.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ọmọ jókòó ti báàgì wọn. “Ẹ sọ ètò yín fún mi. Ọjọ́ kìíní ńkọ́?”

“A ó jókòó,” ni télọ̀ wí.

“Ọjọ́ kejì?”

“A ó pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́,” Abẹ́rẹ́ dáhùn, “kí orúnkún òsì náà lè rí òkun.”

“Ìgbà wo lẹ máa wá tọ̀?”

Télọ̀ ká téèpù, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó sì tì í. “Ìgbàkígbà tó bá ti ń gbọ̀n wá.”