Okùn Tí Kò Ká

Ó fi sípíríìtì nu orí tábìlì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó wọ ìbọ̀wọ́ kan, ó tún wọ òmíràn lé e, kó tó ṣí ìgò kékeré tí wọ́n kọ mẹ́tàdínlógún sí lára fún ìgbà kejì lọ́jọ́ yẹn. Kò jẹ́ kí èémí rẹ̀ kàn án. Okùn tó wà nínú ìgò náà kò gba gbẹ̀rẹ́ rárá: òógùn ìka kan ṣoṣo tó láti jẹ ẹ́ run kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

Onífíríìjì ni wọ́n ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò yìí. Ọdún kọkànlá rèé tó wá tún fíríìjì wọn ṣe, tó bi ọ̀gá pé kí ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, tí kò sì padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́. Kò ka ìwé gíga kankan. Ó kàn ń wo bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ ni, ó ń béèrè, ó ń dán an wò. Ní báyìí, òun ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ tó bá le fún.

Ohun tó wù ú jù níbẹ̀ ni okùn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní RNA. Nínú sẹ́ẹ̀lì, ẹ̀rọ tíntìntín kan máa ń rìn lórí okùn yìí, á máa kà á, á sì máa fi ohun tó kà mọ pùrótéènì. Ṣùgbọ́n okùn náà lè ká lé ara rẹ̀, kó di kókó, bí ẹ̀rọ bá sì dé ìdí kókó, á dúró bí ọkọ̀ tó bá igi lójú ọ̀nà. Pùrótéènì tó wà lẹ́yìn kókó tí Onífíríìjì ń wò yìí ló ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín sí méjì. Kókó náà ni bíréèkì rẹ̀. Bó bá tú, sẹ́ẹ̀lì á máa pín, á máa pín, títí yóò fi di jẹjẹrẹ. Ọ̀gá ti rí oògùn tó lè mú kí kókó tó bá ń dẹ̀ tún le. Àmọ́ oògùn náà gbọ́dọ̀ bá kókó níbẹ̀ ná.

Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń kọ sí ègé ara aláìsàn tó bá ti ilé ìwòsàn òdìkejì wá, èyí tí wọ́n ń yọ okùn náà nínú rẹ̀. Onífíríìjì nìkan ló mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ obìnrin ni mẹ́tàdínlógún, torí òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá nínú yìnyín.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe gbogbo àyẹ̀wò. Ó ti ṣe èkíní láàárọ̀. Ó da okùn sínú jẹ́lì tó rí bí ẹ̀kọ, ó jẹ́ kí iná mànàmáná máa tì í lọ. Èyí tó bá ká máa ń kéré, á sáré dé ìsàlẹ̀. Èyí tí kò ká á máa wọ́, á sì há sókè. Ti àwọn aláìsàn yòókù sáré nígbà tí oògùn kàn wọ́n. Ti mẹ́tàdínlógún kò mira. Pẹ̀lú oògùn, láìsí oògùn, ibì kan náà ló há sí. Lẹ́tà kan nínú àwọn tí ẹ̀rọ yẹn ń kà ti yí padà lára okùn rẹ̀. Kò sí kókó níbẹ̀ rárá.

Fóònù dún. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀ ló ń pè láti wọ́ọ̀dù.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti tún mi ṣe?"

"Fara balẹ̀. A ò tíì parí."

"Gbogbo fíríìjì àdúgbò lẹ jí dìde o, èmi nìkan lẹ wá ń fi falẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Olùkọ́ ìṣirò ni. Kò fẹ́ràn ìdáhùn tó bá ń pẹ́kọrọ. "Ẹ gbọ́. Tí ohun tí ẹ ń wá bá wà níbẹ̀, mo máa fara da abẹ́rẹ́ wọn títí oògùn yín á fi dé. Tí kò bá sí, ẹ jẹ́ n máa lọ sílé. Abẹ́rẹ́ yẹn ń sun mí nínú, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ má fi ẹnu dídùn tàn mí."

"Mo gbọ́."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì. Ìgò wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Bí àyẹ̀wò kejì bá bàjẹ́, wọn á kọ ọ́ pé kò ṣeé kà, wọn á sì dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gé ègé mìíràn lára àbúrò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìrètí. Ṣé ìyẹn kéré? Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó na ìka rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ìgò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta abẹ́rẹ́ náà sì ni. Yóò máa sun ún nínú, torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe rí lónìí.

Ó fa ọwọ́ padà. Ó wọ ìbọ̀wọ́ tuntun.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin, ó tan iná búlúù sábẹ́ jẹ́lì kejì. Ìlà mẹ́tàdínlógún há síbi tó há sí láàárọ̀ gan-an. Ọ̀gá wọlé bá a níbẹ̀, obìnrin tó jẹ́ pé "kò burú" ni ìyìn rẹ̀ tó ga jù.

"Yéè, Onífíríìjì! Wo ìlà bí ẹni fi abẹ́ fà á! Láti ìgbà wo la ti ń wá ẹ̀rí pé lẹ́tà kan péré lè tú kókó yẹn? Orúkọ rẹ ló máa ṣáájú lórí ìwé ìwádìí tí a máa tẹ̀ jáde. Mẹ́tàdínlógún ṣe wá lóore, ẹni yòówù kó jẹ́."

"Àbúrò mi ni, mà."

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó.

Nígbà tó dé wọ́ọ̀dù, àbúrò rẹ̀ ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Onífíríìjì sọ ọ́ fún un ní ìdúró pé ohun tí àwọn ń wá kò sí níbẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ṣe é?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Wọ́n bára mu?"

"Wọ́n bára mu."

Ó mi orí bí ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ ọmọ tó gbà á. Ó wá wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Ó mọ́ dáadáa, àbí?"

"N kò ṣe irú rẹ̀ rí."

"Mo ti rí i lójú yín. Ẹ tiẹ̀ ń yangàn díẹ̀."

Ó fẹ́ sẹ́. Òótọ́ ni: nígbà tí àwọn ìlà yẹn yọ, tí wọ́n mọ́ gaara, inú rẹ̀ ti dùn kó tó rántí ẹni tó ni wọ́n.

"Ẹ má sunkún síbí, àwọn nọ́ọ̀sì ń wò wá. Ẹ bá mi wá bàtà mi."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, bàtà kò gbà á. Sálúbàtà ilé ìwòsàn ló wọ̀ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti wà nílé lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, wọ́n ṣí fèrèsé, ó sì sùn láìsí ẹni tí yóò jí i láti gún un. Onífíríìjì jókòó ti ògiri, ó ń ka mímí rẹ̀. Ó kà á dé ọgọ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Oorun yẹn ni èrè iṣẹ́ rẹ̀.