Pákó Ojú Placidus

4.

…irọ́ ni, torí dígí ni gbogbo rẹ̀. Dígí pupa, dígí aláwọ̀ ewé. Àwọn sísítà àtijọ́ ló fi wáyà tín-ín-rín rán wọn mọ́ egungun Placidus lára. Tọmọdé tàgbà ìlú Hadersbrunn ló mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi wá.


1.

ÀKÍYÈSÍ
(lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ti pa á)

Ọjọ́ àjọ̀dún Ẹni Mímọ́ Placidus nìkan là ń sọ pákó ojú rẹ̀ kalẹ̀.
Àfi bí ará ilé ẹni bá ń pọ̀kàkà ikú.
Ẹ kan ilẹ̀kùn Kresenz.


2.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Kresenz. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ pákó tó bo egungun Placidus wà. Òun náà ló ń tún ìbọ̀wọ́ sílíìkì Placidus rán bó bá ya, tó sì máa ń bá a wí bí ẹní ń bá ọmọ wí: "Ìwọ náà, o ò ní fara balẹ̀."

Yìnyín wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn. Jannik ló pe ara rẹ̀. Ó ní ìyá òun ń kú lọ nílé ìwòsàn.

Àǹtí mi bu ọbẹ̀ ọ̀dùnkún fún un, ó wọ bàtà, ó mú kọ́kọ́rọ́. Kò béèrè ẹ̀rí. A kì í béèrè. Ta ló ń gbé ikú dání wá kí wọ́n lè rí i?


2 (ohun tí àlejò ò mọ̀).

A kì í ṣí pákó kí a lè rí Placidus.
À ń ṣí i kí Placidus lè rí ẹni tí ikú ń mú bọ̀.


3.

FÍDÍÒ

ÒKÚ ONÍWÚRÀ TÍ ṢỌ́Ọ̀ṢÌ FI PAMỌ́!!! MÁ DÁ WÒ Ó!!!

Orin ẹ̀rù. Placidus fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó fọwọ́ gbé orí bí ẹni tó jẹun ọ̀sán yó. Ohùn kan ní wọ́n pa á nítorí ìṣúra. Orúkọ Jannik wà lábẹ́ rẹ̀.

— Ó ń wò mí o!
— Òkúta kan péré níbẹ̀, mo ti kọ́lé.
— Àdírẹ́sì dà?


4 (ìyókù).

Wọ́n rí àdírẹ́sì. Wọ́n dé pẹ̀lú bọ́ọ̀sì, wọ́n fipá ṣí pákó. Ẹnì kan fa òkúta ìka Placidus yọ, ìka náà bá a lọ. Dígí lásán ló jí lọ. Ìka ni kò ṣeé rà.

Gbogbo wa la pe Jannik ní òpùrọ́. Ó rọrùn lẹ́nu.


5.

ÀKÍYÈSÍ TUNTUN

Ìgbìmọ̀ ìjọ ti fi súkúrù de pákó. Kò sí ṣíṣí, kò sí àfi.


6.

(Yàrá Kresenz, níbi tó dùbúlẹ̀ àìsàn sí. Alois káfíńtà, tó de pákó náà, wá kí i.)

KRESENZ: Ṣé ẹ ti sọ pákó kalẹ̀?
ÈMI: Wọ́n ti dè é, Àǹtí. Ó di ọjọ́ Àìkú kí ìgbìmọ̀ tó jókòó.
KRESENZ: Ṣé wọ́n ti sọ fún ikú pé ó di ọjọ́ Àìkú?
ALOIS: Màmá, òpùrọ́ tẹ́ ẹ ṣílẹ̀kùn fún ló fà á.
KRESENZ: Alois. Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ ń kú lọ, tó o ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà mi, mo bi ẹ́ bóyá irọ́ ni?
ALOIS: (Ó bọ́ fìlà rẹ̀.)
KRESENZ: Ìyá ọmọ yẹn ńkọ́?
ÈMI: Ìyá ta ni, Àǹtí?
KRESENZ: Ìyá Jannik. Ta ló ti bi í?


7.

Kò sẹ́ni tó bi í.


8.

Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sábẹ́ fídíò, mo tún fi ránṣẹ́ sí i níkọ̀kọ̀:

"Jannik, èmi obìnrin oníkọ́kọ́rọ́ ni. Màmá ńkọ́? Kresenz."

Lábẹ́ fídíò:

— Háà! Òkú ti fèsì!
— Màmá wo?

Ó dùn mí débi pé mo da fóònù dojú bolẹ̀.


9.

(Yàrá kan náà. Fóònù gbọ̀n.)

KRESENZ: Kí ló wí?
ÈMI: Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, Àǹtí.
KRESENZ: Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, a jẹ́ pé ìyá rẹ̀ rí ẹni pàdé rẹ̀ lọ́nà.
ÈMI: Ẹ sinmi.
KRESENZ: Èmi ńkọ́?

Alois dìde. Ó dé fìlà rẹ̀, ó mú irin tó fi ń tú súkúrù. Kò sọ ibi tó ń lọ, a ò sì bi í.


10.

*Jannik ń kọ̀wé…*

Ó dúró.

*Jannik ń kọ̀wé…*