Hẹ́dífóònù Méjì Nílé Àǹtí Wasila

Ọdún kan gbáko ni mo fi wá hẹ́dífóònù ẹlẹ́yìn-gbayawu yẹn kí ó tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní ìdérí; ihò wẹ́wẹ́ ló wà lára rẹ̀ bí asẹ́, tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tó ń gbà jáde. Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ fún àwọn onífíìmù ni mò ń ṣe ní Tunis, gbogbo ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sì ń sọ pé irú rẹ̀ gan-an ni etí ń fẹ́. Bí mo ṣe gbà á láàárọ̀ Sátidé, ilé Àǹtí Wasila ni mo gbà lọ tààrà.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Wasila. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ohùn ní ilé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Hẹ́dífóònù tiwọn dé pa lẹ́yìn, awọ etí rẹ̀ ti bó, síbẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Wọ́n wo tèmi lọ, wọ́n wò ó bọ̀. "Dorsaf, kí ni kí n fi asẹ́ ṣe létí?"

"Àǹtí, ẹ gbé ìkòkò yín sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ nǹkan."

"Ìkòkò tó bọ́ ẹ dàgbà lò ń bú yẹn."

Ni a bá fi ta tẹ́tẹ́. A ó di ara wa lójú, a ó gbọ́ orin kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ yíhùn padà ni yóò ra bambalúni gbígbóná, àkàrà ìyẹ̀fun tí wọ́n ń dín ní ìkóríta. Orin tí mo ní lọ́wọ́ ni ti Ìyá Manubia, aládùúgbò Àǹtí tó ń kọrin ìgbéyàwó. Mo ti gbà á sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn ló sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn onífíìmù. Mo ti fọ́nnu fún wọn pé kò lábàwọ́n.

Mo fi síkáàfù di Àǹtí lójú, mo gbé tèmi lé wọn létí. Bí ohùn ṣe jáde báyìí, Àǹtí yí ọrùn sọ́tùn-ún bí ẹni tí wọ́n pè. Wọ́n nawọ́ síwájú, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ ẹnìkan.

"Ta ló ṣí fèrèsé?"

"Kò sẹ́ni tó ṣí nǹkan kan, Àǹtí."

"Manubia kò sí nínú orí mi. Ọ̀hún yẹn ló jókòó sí, ìlù bendir rẹ̀ wà lórí orúnkún. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, inú agbárí mi ni àwọn olórin ń fún ara wọn pọ̀ sí bí èrò ọkọ̀. Tún orin yẹn fi."

Ara mi yá gágá. Mo ti ń gbóòórùn bambalúni.

Ó wá kàn mí. Nínú ti Àǹtí, ohùn náà fún pọ̀ sáàárín orí mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlù bendir wúwo, ó ń lù mí láyà gbì, gbì. Mo fẹ́ sọ pé ó há jù. Nígbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé n kò gbọ́ ariwo títì mọ́. Ọkùnrin tó ń polówó ẹja, àwọn alùpùpù, gbogbo wọn ti pa rẹ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni mo ti gbọ́ ọ lábẹ́ ohùn Ìyá Manubia: hùùùn, láìdábọ̀.

Mo já síkáàfù kúrò lójú. "Àǹtí, fíríìjì Ìyá Manubia ló ń kùn yìí."

Wọ́n gbà á, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ariwo títì ló ń gba ojú asẹ́ rẹ wọlé, òun ló bò ó mọ́ ẹ létí. Ta ló fẹ́ ra bambalúni báyìí?"

Àǹtí ló kọ́kọ́ yíhùn, ṣùgbọ́n èmi ni mo rà á, ojú ọ̀nà la sì ti jẹ ẹ́, nítorí eré la sá dé ilé Ìyá Manubia láti tún orin náà gbà. Aago kan ti lù. Ìyá Manubia ń ki ẹran sínú ata tútù ní àgbàlá nígbà tí a já wọlé pẹ̀lú máìkì àti wáyà.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ta ló kú?"

"Fíríìjì yín ló fẹ́ kú," ni Àǹtí wí, wọ́n ti ń fa wáyà rẹ̀ yọ lára ògiri.

"Ẹja mi wà nínú rẹ̀ o. Bó bá rà, ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́."

Ìlù la kọ́kọ́ gbà. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Manubia yóò máa gbọ́ ìlù náà létí, tí wọn yóò máa kọrin sí i. Oríkunkun mi kò jẹ́ kí n lo ti Àǹtí. Tèmi ni mo tún gbé lé wọn lórí. Nígbà tí mo fi gbọ́ ohun tí a gbà, ìlù ti gba ẹ̀yìn gbayawu yẹn jò jáde, máìkì sì ti gbé e. Ìlù méjì ló ń lé ara wọn kiri. Àǹtí yọ tèmi, wọ́n fi tiwọn sí i.

"N kò gbọ́ ohùn ara mi," ni Ìyá Manubia ń ṣàròyé. "Ó dà bíi pé mo wà nínú kànga."

Àǹtí tì í kúrò lórí etí kan díẹ̀. "Etí kan fún ìlù, ìkan fún ẹ̀yin fúnra yín. Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ yín."

Ohùn tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, orí mi wú.

Orí àga wọn ni mo jókòó sí tí mo fi to gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi ti Àǹtí ṣọ́ bóyá nǹkan kan tún ń kùn lábẹ́, mo wá fi tèmi wo ibi tí olúkúlùkù wà: ohùn níwájú, ìlù lápá òsì, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan tó ké lẹ́ẹ̀kan lókè àgbàlá. Àǹtí ní kí n má yọ ẹyẹ náà. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù nígbà tí mo fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ rárá tí obìnrin tó ń ṣe fíìmù náà fi pè. Kò tilẹ̀ kí mi. "Níbo lo ti rí ìyá yìí? Orin méjì sí i la fẹ́, àgbàlá yẹn náà ni kí wọ́n ti kọ ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?"

Mo sáré sọ ọ́ fún wọn. Àǹtí pàtẹ́wọ́, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ìyá Manubia nìkan ni kò kúrò nídìí ata.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń lọ wẹ̀ ní hàmáàmù," ni wọ́n wí. "Kí wọ́n mú Ọjọ́rú."