Àpótí Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Nígbà yẹn, Ìyálé ṣì wà láyé. Baálé ilé ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ ti kó lọ sílé tiwọn. Ó wá ku àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì: Ìyálé tí etí rẹ̀ ti di, àti Ìyàwó tí orúnkún ń yọ lẹ́nu. Ìyàwó náà ti lé ní àádọ́rin ọdún o, síbẹ̀ Ìyàwó ni gbogbo ilé ṣì ń pè é.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn ti gbọ́?" Ìyálé pariwo láti orí àga rẹ̀.

"Kò tíì gbọ́, Ìyá àgbà!" Oníwáyà, ọmọ tí Ìyàwó bí, dá a lóhùn. Kọ̀ǹpútà wà lórí itan rẹ̀, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí i. Èmi náà kì í gbọ́, ẹ ò sì tíì gbé mi jù nù."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú. Ìyálé ti ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó pariwo títí, Ìyàwó tó wà lẹ́yìnkùlé kò gbọ́. Láti ọjọ́ náà ni Àkọ́bí Ìyálé ti ní òun máa gbé màmá òun lọ sílé òun. Oníwáyà, tó ń fi iṣẹ́ iná jẹun, ló bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Ó lẹ ẹ̀rọ tí kò ju ìdérí ìgò lọ mọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, ó sì fi bọ́tìnì kan kọ́ Ìyálé lọ́rùn. Wọ́n á ránṣẹ́ láìlo wáyà sí àpótí funfun kan ní pálọ̀. Àpótí á jíṣẹ́ fún ètò inú kọ̀ǹpútà, ètò yẹn á sì tan iná pupa sí yàrá Ìyàwó. Ní ìrọ̀lẹ́ àná, gbogbo rẹ̀ dáa. Láàárọ̀ yìí, ètò náà ò rí àpótí mọ́, Àkọ́bí sì ti ń bọ̀ lọ́nà.

"Màmá, ẹ bá mi wo pálọ̀. Ṣé wáyà àpótí yẹn ṣì wà lára iná?"

Ìyàwó yọjú. "Ó wà níbẹ̀."

"Mo ti tún ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀, mo ti pa á, mo ti tàn án. Ó ṣì ní òun ò rí i."

Fèrè mọ́tò dún níta. Ìyàwó wo Ìyálé tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó rántí pé nígbà tí ibà dá òun dúbúlẹ̀ lẹ́yìn ìbí Oníwáyà, ọmú Ìyálé yìí lọmọ náà mu títí ara òun fi yá. Ó tẹrí ba kí wọ́n má bàa rí omijé lójú òun. Ibẹ̀ lojú rẹ̀ ti bá wáyà àpótí náà nílẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé e lọ, àfi bó ṣe rí i pé inú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí wọ́n ń kó àwo sí ló wọlé sí.

Ó sún mọ́ etí Ìyálé. "Ìyálé mi! Kí lẹ gbé síbẹ̀?"

"Àpótí náà ni. Eruku fẹ́ pa á. Ohun tí kò ní jẹ́ kí wọ́n gbé mi kúrò nílé mi, ṣé gbangba ni kí n fi í sí?" Ó tú kọ́kọ́rọ́ jáde ní etí ìró rẹ̀.

Oníwáyà káwọ́ lérí. "Ìyá àgbà! Inú irin lẹ tì í mọ́! Ibo ló fẹ́ gbà gbọ́ wa?"

"Ẹ ò sọ fún mi pé irin ń dí i létí."

Wọ́n gbé e jáde, wọ́n gbé e sójú fèrèsé. Wọ́n dúró. "Ó ti rí i!" Oníwáyà fò sókè. Àkọ́bí ṣílẹ̀kùn wọlé lẹ́sẹ̀ kan náà, kọ̀ǹpútà sì fọhùn pé: "Ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí."

"Ta nìyẹn?" Àkọ́bí ta gìrì.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin ni wọ́n ń fẹjọ́ yín sùn," Ìyàwó fèsì.

Àkọ́bí lọ dúró ní yàrá Ìyàwó, ó ní kí màmá òun tẹ bọ́tìnì. Iná pupa tàn. Ó ní kó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tàn. Ó rọra ti kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bọ àpò.

"Àbúrò mi, o ṣeun. Ìyá kékeré, mo fi màmá mi sọ́wọ́ yín."

"Ọwọ́ mi ni wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀."

Ọdún méjì ni Ìyálé fi bọ́tìnì yẹn dá Ìyàwó lágara. Á tẹ̀ ẹ́ kí Ìyàwó lè wá wo aláǹgbá lára ògiri. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kan, iná tún tàn. Ìyàwó ní aláǹgbá ni, ṣùgbọ́n ó dìde, tòun ti orúnkún rẹ̀. Ìyálé wà lórí ibùsùn, ó di bọ́tìnì mú.

"O tètè dé," ó wí.

Ìyàwó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú.

"Mo dúpẹ́, Ìyàwó."

"Èmi ni mo dúpẹ́, Ìyálé mi." Ó sọ ọ́ sókè, kó lè gbọ́.

Ìyálé rọra mi orí. Iná pupa náà ṣì ń tàn ní yàrá kejì nígbà tí Ìyálé dágbére fáyé.