Ohùn Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Ìtàn kúkúrú márùn-ún ni a so pọ̀ di fíìmù adẹ́rùbani kan. Olùdarí márùn-ún ló ya wọ́n, èmi ni mo sì ń gé wọn tí mo ń tò wọ́n. Fíìmù náà gùn jù, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò. Mo ti sọ fún ọ̀gá wa pé kó yọ ẹ̀kẹta, èyí tí àbúrò mi obìnrin yà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo gbè sẹ́yìn ọmọ ìyá mi.

Àṣà iṣẹ́ mi ni láti pa ohùn nígbà tí mo bá kọ́kọ́ ń wo àwòrán. Àwòrán tó bá dára kì í nílò ariwo. Nínú ìtàn àbúrò mi, obìnrin kan jókòó síwájú ilẹ̀kùn yàrá kan tí wọ́n tì, ó ń wò ó. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yán, mi ò sì padà ṣí ohùn rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a pe ogójì èèyàn wá wo fíìmù náà láti dán an wò, àbúrò mi jókòó tì mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ tèmi?"

"Mo wò ó."

"Mi ò bèèrè wíwò."

Ìtàn kìíní bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bí ọbẹ̀. Ẹnìkan kígbe pé, "Ẹ fi iyọ̀ sí i!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èkejì dẹ́rù bà wọ́n gan-an, wọ́n ń di ara wọn mú. Ẹ̀kẹta dé.

"Ṣé ilẹ̀kùn la wá wò ni?" ni ọkùnrin kan ń kùn lẹ́yìn wa.

Ikọ́ dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Lẹ́yìn ikọ́, ohùn kan: "Àgbà! Àgbà ò tíì dé?"

"Mà!"

Èmi ni mo kígbe dáhùn nínú òkùnkùn. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè mí ní Àgbà láyé yìí, ó sì ti di ọdún méjì tí a sin ín. Lọ́sẹ̀ tí màmá wa ń lọ, fíìmù ẹlòmíràn ni mo ń gé. Ọ̀la, ọ̀la, ni mo ń wí.

Àwọn kan fi igbe mi rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín.

"Mo gba ohùn Màmá sílẹ̀ kí n lè fi ránṣẹ́ sí yín," ni ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ ò gbé fóònù."

Nígbà tí iná tàn, ọ̀gá wa ka ìwé tí àwọn òǹwòran kọ èrò wọn sí. Nípa ẹ̀kẹta, ìdajì kọ ọ́ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan kọ ọ́ pé òun kò ní lè dá sùn.

"Ó parí," ni ọ̀gá wa wí. "Ká yọ ọ́. Ẹ̀yin náà kúkú lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Rárá. Ẹ yọ ẹ̀kẹrin. Kí ẹ̀kẹta ó wà nígbẹ̀yìn."

"Nígbẹ̀yìn kẹ̀? Nígbà tí àwọn èèyàn ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé?"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé."

Àbúrò mi yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Ó ṣì kù," ni ó wí. "Mi ò fi ìyókù sínú fíìmù. Tiyín ni."