Gílóòbù Inú Àpótí Kámẹ́rà

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni wọ́n ti ṣẹ Mágbàgbé, ayafọ́tò. Ó lọ sẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin nígbà òjò, ó fi lẹ́ǹsì kámẹ́rà mẹ́ta sílé nínú àpótí pákó tí ó so gílóòbù kan mọ́. Gílóòbù náà gbọ́dọ̀ máa tàn tọ̀sán-tòru, torí ooru rẹ̀ ló ń lé ọ̀rinrin. Nígbà tí ó dé, àpótí ṣókùnkùn, gílóòbù ti pòórá, èébu sì ti hù nínú lẹ́ǹsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé aláǹtakùn ló kọ́lé síbẹ̀. Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà, ló ń kàwé ìdánwò olùkọ́ nílé nígbà náà. Ta ni ìbá tún nílò iná jù ú lọ? Tíṣà búra títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mágbàgbé kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní Sátidé yìí, ìyá wọn jókòó sórí àga ní pálọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, Tíṣà ń kó tìyàwó-tọmọ lọ sí ìlú òkèèrè. Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyá ń tọrọ: òun láàárín, ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ́tùn-ún lósì. Mágbàgbé gbé kámẹ́rà lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, yóò sì ya fọ́tò fúnra rẹ̀.

"Màmá, ẹ sọ fún ọmọ yín kó gbé àgbọ̀n sókè."

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti gbọ́."

"Èmi kì í ṣe tẹlifóònù," ni ìyá wí.

Mágbàgbé tẹ kámẹ́rà, ó sáré wá dúró. Ó ku díẹ̀ kó yà ni ó rántí lẹ́ǹsì mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀ kúrò níwájú kámẹ́rà. Wọ́n wò ó: ìyá wà níbẹ̀, Tíṣà wà níbẹ̀, ìgbọ̀nwọ́ kan péré ló mú lára Mágbàgbé. Lẹ́ẹ̀kejì, etí rẹ̀ ló mú. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò mú nǹkan kan.

"Ṣé ìgbọ̀nwọ́ ọmọ mi ni n óò gbé kọ́ ara ògiri?"

"Kí ẹni tó ba nǹkan jẹ́ jẹ́wọ́, Màmá. Bó bá jẹ́wọ́, n óò dúró bí òpó."

Ojú ìyá rẹ̀ wálẹ̀. Tíṣà wo ìyá wọn, ó mí kanlẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bùọ̀dá mi, èmi ni mo yọ gílóòbù yẹn. Ẹ foríjì mí."

Mágbàgbé fò sókè. "Mo sọ bẹ́ẹ̀! Màmá, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ ní olórí kunkun ni mí! Èmi tí mi ò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ju tíṣà lọ!" Ó yí pálọ̀ ká, ó bọ ara rẹ̀ lọ́wọ́. "Dìde ńlẹ̀, jàre."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ó bá àbúrò rẹ̀ sọ láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Ó tẹ kámẹ́rà, ó wá dúró ti ìyá, ó na àyà síwájú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré ni ìyá ní láti fi pa ẹnu mọ́. Kò lè ṣe é.

"Irọ́ ló pa."

"Ta ni?"

"Àbúrò rẹ. Kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni mo yọ ọ́."

Kámẹ́rà yà.

"Mo bá iná tó ń tàn nínú àpótí, kò sẹ́ni tó ń lò ó," ni ìyá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Òtútù sì ń pa àwọn ọmọ adìẹ mi lẹ́yìnkùlé. Mo ní n óò dá a padà kí o tó dé. O dé láìròtẹ́lẹ̀, o ń ké bí ẹni tí ejò bù jẹ. Ẹ̀rù rẹ bà mí."

Ẹnu Mágbàgbé là sílẹ̀. "Adìẹ, Màmá? Adìẹ ló jẹ lẹ́ǹsì mi mẹ́ta?"

"Ìwọ náà jẹ níbẹ̀," ni ìyá dáhùn. "Itan tó sanra jù ni mo bù fún ọ lọ́jọ́ tí o dé."